Bí Kúùkù Ṣe Dín Tirẹ̀ fún Màmá Díndín

Ní èbúté wa, kò sí ohun tí èèyàn lè dín nínú òróró kí Màmá Díndín gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, kó má sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ọ. Á jẹ ẹ́, á pa ojú dé, á máa gbé ahọ́n kiri ẹnu bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ̀rọ̀.

"Ẹyin ni wọ́n fọ́ sí i. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ bàjẹ́. Òróró tí wọ́n fi dín ẹja lánàá ni wọ́n tún fi dín èyí. Ẹni tó pò ó sì ń bínú sí ẹnì kan."

Èyí tó sọ nípa ìbínú yẹn, a ò rí i wádìí. Ṣùgbọ́n ti òróró kì í tàsé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń ṣiṣẹ́ ní kantíìnì èbúté, yàrá gbọọrọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ńlá, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi, tí ìgbọ̀nwọ́ àwọn agbẹ́rù sì ti pa àwòrán òdòdó orí aṣọ tábìlì rẹ̀ rẹ́. Òróró ti kun ògiri ibẹ̀ débi pé akunlé tí wọ́n pè wá wò ó ní òun ò lè kùn ún, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ sè é. Ohun tí Màmá ń dín níbẹ̀ kò ní orúkọ mìíràn ju díndín lọ. Ìyẹ̀fun ni, omi, iyọ̀, àti ohun tó ń mú un wú. Á fi ṣíbí bù ú sínú òróró, á di ohun roboto tó pọ́n, tó sì gbóná débi pé àwọn agbẹ́rù á máa jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á sì tún máa bú u.

Màmá ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Omi ń bà á lẹ́rù. Omi inú garawa nìkan ló fọkàn tán. Síbẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń wá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dín nǹkan níbẹ̀, torí pé atukọ̀ tó bá ti jókòó sí kantíìnì, kó tó gbé àkọ́kọ́ mì, Màmá á ti dúró tì í.

"Níbi tẹ́ ẹ ti wá, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?"

Bí wọn ò bá gbọ́ èdè ara wọn, ọwọ́ ni wọ́n á fi sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ pé àwọn kan máa ń gé ápù pẹlẹbẹ, wọ́n á rì í sínú ìyẹ̀fun pípò, wọ́n á dín in, wọ́n á sì wá bu ṣúgà lẹ́búlẹ́bú lé e lórí títí imú ẹni tó ń jẹ ẹ́ á fi funfun. Àwọn mìíràn kì í lo ìyẹ̀fun rárá. Ẹ̀wà ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ ewé títí inú rẹ̀ yóò fi ní àwọ̀ ewé. Àwọn kan ń po àgbàdo, àwọn kan ń ja ẹja oníyọ̀ sí i. Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ti máa ń ju tiwọn sínú omi ṣúgà bó bá ṣe ń ti inú òróró jáde. Atukọ̀ tó sọ èyí fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tí ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ tútù kan, bíà ni wọ́n ń dà sínú ìyẹ̀fun kí wọ́n tó ri ẹja sí i, kí ó lè fúyẹ́. Màmá gba gbogbo èyí gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá jà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ní ìlú òun òdòdó elégédé ni ìyá òun máa ń dín.

"Òdòdó?"

"Òdòdó, Màmá. Wọ́n á ki wàràkàṣì sí i nínú."

"Ọmọ mi, jẹun rẹ. Tó o bá yó tán, o ò ní purọ́ mọ́."

Nígbà tí ọkọ̀ ọmọ náà lọ tán, Màmá já òdòdó elégédé tó wà lẹ́yìn kantíìnì, ó dín in, ó jẹ ẹ́, ó sì ń wojú omi. "Mo jẹ ọmọ yẹn ní ẹ̀bẹ̀," ló wí.

Díndín Màmá fúnra rẹ̀ kò ní àṣírí. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá tà tán, ó máa ń ṣẹ́ ìyẹ̀fun pípò díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ garawa. Ìyẹn á sùn mọ́jú, á kan díẹ̀, á máa yọ ìfófó, orí rẹ̀ ni wọ́n á sì ti po tuntun láàárọ̀. Ìyá là ń pe ìṣẹ́kù náà. Òun ló ń mú díndín wú, òun náà ló sì ń fún un ní adùn kan tí kì í yọjú àfi lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbé e mì. Òfin kantíìnì kò ju méjì lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fá garawa tán. Èkejì, ẹni tó bá ń kọjá níbi ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n bò sílẹ̀ kó wú, kó ṣí i wò, kó lù ú díẹ̀, kó sì fi ohun tó bá kù ú kù sí i. Màmá ní òun ò fẹ́ ìyẹ̀fun tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló tọ́ ọ dàgbà.

Òfin kejì yìí wọ ìdílé wa lára débi pé ó ti di àìsàn. Kò sí ẹni wa tó lè rí abọ́ tí wọ́n da aṣọ bò kó sì kọjá lọ. Ìyá mi ti fi iyọ̀ sí sítáàṣì tí aládùúgbò wa pò fún aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ rí.

Òfin àkọ́kọ́ ni wọ́n wá rú. Kantíìnì gba obìnrin tuntun kan tí yóò máa fọ ilẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́, òṣìṣẹ́ gidi. Ó rí garawa tó ń kan, ó da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, ó ha á títí ó fi ń dán, ó sì dorí rẹ̀ kodò sínú oòrùn. Ó wá dúró tì í, ó ń retí kí wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí Màmá dé, tó rí ojú ara rẹ̀ nínú ìsàlẹ̀ garawa, ó jókòó. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká èbúté, àwọn agbẹ́rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ńlá tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Géètì, bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀ sí àyà.

"Ìyàwó wa, ẹ kú àfẹ́kù. Ṣé ó fi ọmọ sílẹ̀?"

"Kò fi ọmọ sílẹ̀," ni Màmá wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ìwúkàrà inú páálí ló ń rà. Díndín ṣì ń wú, àwọn èèyàn ṣì ń tò, wọ́n sì ń sọ pé àwọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Màmá rí i. Ó máa ń jẹ ọ̀kan láàárọ̀, á gbé e mì, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò, á sì padà sídìí iná.

Kúùkù ọkọ̀ kan wà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, débi pé àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i máa ń bi í bóyá oúnjẹ ara rẹ̀ kì í dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ọkọ̀ ló fi ṣe ilé. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté wa, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, á wá jókòó sí ìkángun tábìlì, á jẹ díndín, á nu ọwọ́, á sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ yín."

"Kúùkù, ẹ jẹ èyí tó kù, kó má tutù."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fẹ́ra sọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn agbẹ́rù mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, àwọn náà sì máa ń fi kí ara wọn.

Lọ́jọ́ kan, Kúùkù dé pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, kò sì jẹun. Ó ní òun ti kúrò nínú ọkọ̀. Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí ilé ìdáná yóò máa jó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Tí Màmá bá gbà, òun á gba yàrá nítòsí èbúté, òun á sì máa wá bá a dín in. Tí kò bá gbà, ọkọ̀ mìíràn wà tó ń wá kúùkù, òun á bá a lọ, òun ò sì ní gba ọ̀nà ibí yìí wá mọ́.

Ní gbogbo kantíìnì, òróró nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Kúùkù," ni Màmá wí, ó sì fi ṣíbí oníhò lélẹ̀, èyí tí a kì í sábà rí, "mi ò kórìíra yín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo bá tún máa fẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan tí mi ò mọ̀. Èyí tó lọ yẹn, títí tó fi kú, mi ò mọ ohun tó máa ń rò tó bá ń fá irùngbọ̀n. Ẹ̀yin, mo ti jẹ ohun tẹ́ ẹ sè. Mo mọ̀ yín tán."

"Tí mo bá dín nǹkan kan fún yín, tó sì ní ohun kan nínú tẹ́ ò lè dárúkọ ńkọ́?"

Àwọn agbẹ́rù rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

"Màá fẹ́ yín."

"Tẹ́ ẹ bá sì dárúkọ gbogbo rẹ̀, màá lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni adéhùn ṣe wọlé, lójú gbogbo èèyàn, lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò fi lè yọ ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n dá, ilé Màmá sì ni.

Ìdílé pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Màmá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a ń pè ní Télọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ti fi ojú wọn èjìká Kúùkù, ó sì ti mọ aṣọ tí òun máa rán fún un. Ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ó ti tó kí ẹ̀gbọ́n òun rí ẹni máa bá jiyàn nínú ilé. Ọ̀gá Géètì nìkan ni kò gbà.

"Ìyàwó wa ni," ló sọ fún mi níwájú ilé. "Mi ò sọ pé kó má lọ́kọ. Ṣùgbọ́n díndín méjì ló máa ń yọ sílẹ̀ fún mi láràárọ̀ kí n tó ṣí géètì. Tí ọkùnrin bá wọ ibẹ̀, ọkùnrin á máa kà á."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Kúùkù wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti àpò kan. Ó ní kí Màmá jókòó sí pálọ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí ilé ìdáná. Ó gbé àpótí kékeré fún mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín yàrá méjèèjì.

"Iṣẹ́ rẹ ni kí Màmá má kọjá," ló wí.

Mo jókòó. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọn tó kù.

Kò pẹ́ tó fi po tirẹ̀. Ó fi aṣọ funfun bo abọ́ náà, ó gbé e sórí tábìlì kó lè wú, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti tan sítóòfù. Sítóòfù Màmá kì í gbọ́ràn sí àlejò lẹ́nu. Láti ibi tí mo jókòó ni mo ti ń gbọ́ tí Kúùkù ń bẹ̀ ẹ́.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní òun fẹ́ mu omi. Mo ní omi wà ní pálọ̀. Ó ní ti ilé ìdáná ló tutù. Ó wọlé, mo gbọ́ tí páálí ya, mo gbọ́ tí nǹkan ń ha nǹkan, ó sì jáde, ó ń nu ọwọ́ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ta sánsán ọsàn.

"Ẹ mu omi náà?" ni mo bi í.

"Ó wà ní bìǹtìn, kò tíì gbéra rárá," ló dáhùn, kì í sì í ṣe omi ló ń sọ.

Ìyá mi tẹ̀ lé e. Ó ń wá gíláàsì rẹ̀. Gíláàsì náà wà lójú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ ju Télọ̀ lọ, mo sì tún gbọ́ tí páálí mìíràn ya. Nígbà tó jáde, ó ń lá àtàǹpàkò rẹ̀, ṣúgà sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ rí i?"

"Kí ni?"

"Gíláàsì."

Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. "Ọlọ́run mà tóbi o," ló wí, ó sì kọjá lọ.

Ọ̀gá Géètì kò parọ́ kankan. Ó gbé ìgò bíà tó ti ṣí dání, ó wò mí, mo wò ó, ó sì wọlé. Mo gbọ́ gbólógbòló. Nígbà tó jáde, ìgò ti ṣófo.

"Mo ti bá a parí ẹ̀," ló sọ sí mi létí. "Á korò débi pé ìyàwó wa á ti dárúkọ rẹ̀ kó tó fẹnu kàn án. Kúùkù á rí ọkọ̀ rẹ̀ wọ̀ kó tó di ọ̀la."

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé ó yẹ kí ẹnì kan nínú wọn rántí pé ẹni tó ń fẹ́ kí Màmá mọ̀ àti àwọn tí ò fẹ́ kó mọ̀ ń gba ilẹ̀kùn kan náà wọlé. Ṣùgbọ́n aṣọ ti bo abọ́. Ní ìdílé wa, èyí ti ju ohun tí èèyàn lè fi làákàyè borí lọ.

Sítóòfù gbà nígbẹ̀yìn. Kúùkù gbé e wọlé, èéfín wà nírun rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun tó fi bo abọ́ ti ga sókè bí ikùn bàbá tó jẹun yó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ń mí.

"Ṣé ilé yìí máa ń gbóná ni?" ló bi mí.

"Díẹ̀díẹ̀," ni mo wí.

Ó gbé abọ́ náà lọ sídìí iná pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ju ìwọ̀n ẹ̀kán kan sínú òróró láti fi gbọ́ bó ṣe gbóná tó. Ẹ̀kán náà rì, ó ronú, ó sì gòkè wá, ó ti tó ẹyin adìyẹ. Ó bu ṣíbí kan. Ìyẹn wú, ó ń wú, ó yí ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó yọ orí kejì, ó sì ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ bí ẹni tó ń wá àyè jókòó. Òmíràn bẹ́ jáde, ó yí gba abẹ́ àga lọ. Kúùkù ń fi ṣíbí oníhò lé wọn kiri.

"Kúùkù," ni Màmá pè láti pálọ̀, "òróró yín ń rẹ́rìn-ín. Kí lẹ ń dín níbẹ̀?"

"Má dáhùn," ni Kúùkù sọ fún ara rẹ̀.

Nígbà tó bo abọ́ padà sórí tábìlì, tó sì gbé àwo wọlé, gbogbo wa ti wà ní pálọ̀. Ohun tó wà nínú àwo náà tóbi bí orí ọmọ jòjòló, ó pọ́n dáadáa, ó sì fúyẹ́ débi pé bí Télọ̀ ṣe mí kanlẹ̀, ọ̀kan yí díẹ̀. Màmá mú un, ó gé e jẹ, ó sì pa ojú dé.

"Ìyẹ̀fun àlìkámà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Kúùkù wí.

"Iyọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èèpo ọsàn."

"Rárá, Màmá."

"Ọsàn ni mo ń jẹ yìí."

"Mi ò fi ọsàn sí i. Mi ò tilẹ̀ ra ọsàn."

Màmá la ojú kan, ó sì fi wo ọmọ rẹ̀. Télọ̀ ń wo òkè.

"Télọ̀."

"Màámi."

"Òrùlé ò já. Sọ ojú kalẹ̀." Ó tún pa ojú dé, ó tún gé e. "Ṣúgà. Kò yọ́ tán, ó ń dún lẹ́yín mi. Ẹni tó da èyí ń kánjú jáde. Àbúrò mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìba bín-ín-tín," ni ìyá mi wí.

"Ìwúkàrà inú páálí, kíún. Ìwúkàrà inú páálí lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ẹni kejì ò mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ ti kọjá." Ó dúró. Ó gbé ahọ́n yí ẹnu ká. "Àti bíà."

Kúùkù ti wá jókòó. Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ìdílé tí òun fẹ́ wọ̀.

"Ìyàwó wa," ni Ọ̀gá Géètì wí, "mo kàn ń kọjá ni, ó sì dà bí ẹni pé nǹkan kù ú kù."

"Ẹ fẹ́ kó korò."

"Mo fẹ́ kó korò."

"Ọjọ́ wo lẹ dé kantíìnì yẹn? Ṣé ẹ ò gbọ́ rí nígbà tí mo sọ pé bíà ni wọ́n ń fi mú un fúyẹ́? Ẹ wò ó, ó fẹ́ fò. Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Géètì ti dìde, ó ti nawọ́ sí Kúùkù bí ẹni tó fẹ́ bá a gbé ẹrù. Ó ní Màmá ti sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí Kúùkù fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ó ní adéhùn ti parí. Télọ̀ ní kò parí, ìyẹ̀fun náà kì í ṣe ti Kúùkù nìkan. Ìyá mi ní kí wọ́n po òmíràn. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ni Kúùkù ń wò.

Màmá ti gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó wá dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

"Ẹ dákẹ́," ló wí.

Ó mú òmíràn, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó dúró. Ó mú òmíràn.

"Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ gbogbo pàǹtí yín." Ó la ojú méjèèjì, ojú náà sì ń yí kiri. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn Télọ̀ nínú òkùnkùn. Kò kàn wá sẹ́nu ni."

"Ṣé wàrà ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀."

Ó jẹ ẹ́ títí àwo fi ṣófo. Ọ̀gá Géètì jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Níta, ẹnì kan ń gbá ojúde, a sì ń gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Màmá nu ọwọ́, ó gbé e lé itan, ó sì wo ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú èéfín nírun.

"Kúùkù," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "mi ò mọ̀ ọ́n."

Kúùkù kò fò sókè. Ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó sì yọ ìbọ̀sẹ̀ kan tó nípọn jáde. Ìgò kan wà nínú ìbọ̀sẹ̀ náà, wọ́n fi aṣọ so ẹnu rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgò náà ki, ó funfun ṣùgbọ́n kò mọ́ lóló, ó sì ń yọ ìfófó.

"Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wá, mo tọrọ ìyá lọ́wọ́ yín. Ẹ bù ú sí ife mi. Ẹ ní kí n má fún un ní omi gbígbóná."

"Mo rò pé ẹ ti dín in jẹ lójú omi."

"Mo dín in. Ṣùgbọ́n mi ò fá ife tán. Gbogbo èbúté tí a bá dé, mo máa ń ra ìyẹ̀fun ibẹ̀ fún un. Ó ti jẹ ìyẹ̀fun tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjì bá ń jà, mo máa ń gbé e mọ́ra sùn. Ọ̀gá ọkọ̀ wá bi mí lọ́jọ́ kan pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì." Ó fi ìgò náà lélẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. "Ìgbà tí mo dé yìí ni mo gbọ́ pé tiyín ti lọ. Mo fẹ́ gbé e fún yín lójú ẹsẹ̀. Mo wá rò ó pé ẹ lè gba ìgò kẹ́ ẹ sì dá èmi padà."

Ọ̀gá Géètì bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ó fi ọmọ sílẹ̀," ló wí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti mú Màmá. Kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ ikùn ló ti gbéra, a rí i tó ń gòkè bọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ kó tó dé èjìká, nígbà tó sì jáde, àga mì. Ìyá mi gbà á lẹ́nu rẹ̀, Télọ̀ gbà á, Kúùkù tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí ń rín in bí ẹni tí òtútù mú, láìdún, gbogbo ara. A ò mọ ohun tí à ń rín mọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dákẹ́, ẹlòmíràn á ní "ìbọ̀sẹ̀", gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dá wa dúró ni pé nǹkan ké pọ̀ọ̀ ní ilé ìdáná. A sáré lọ. Ìyẹ̀fun tó kù, tí gbogbo wa ti gbàgbé, ti wú kọjá etí abọ́. Ó ti gbé aṣọ funfun náà jù sílẹ̀, ó ti bo tábìlì, ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ gba ẹsẹ̀ tábìlì bọ̀ wá pàdé wa.

Màmá kò tíì gbé ìgò náà sílẹ̀. Ó gbé e mọ́ ìhà bí ọmọ, ó sì fi ọwọ́ kejì ká aṣọ sókè.

"Télọ̀, abọ́. Àbúrò mi, gba ti ẹ̀gbẹ́ yẹn kó má dé ilẹ̀. Ṣíbí dà? Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kó o wá dúró sídìí iná."

Kúùkù wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, sórí ìṣó tí ẹ̀wù ọkọ Màmá máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó sì lọ dúró níbi tí wọ́n ní kó dúró.

A dín in títí òróró fi fẹ́ẹ̀ tán. A gbé e jáde fún ẹni tó ń gbálẹ̀, a gbé e fún àwọn ará ilé òkè àti ilé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbá a bíi bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àwọn méjèèjì dúró nídìí apẹ, èjìká kan èjìká, wọ́n ń jiyàn. Kúùkù ní òróró ti gbóná jù. Màmá ní òróró tí kò gbóná ni ọkọ̀ fi kọ́ ọ.

Ọ̀gá Géètì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí fìlà lọ́wọ́, ó ti jẹun yó, síbẹ̀ ìdààmú wà lójú rẹ̀.

"Ìyàwó wa. Méjì tí ẹ máa ń yọ sílẹ̀ fún mi láràárọ̀ ńkọ́?"

Màmá kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń da ohun tó wà nínú ìgò náà sínú garawa rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì rí i dájú pé òun ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ ìgò.

"Ẹ bi Kúùkù," ló wí. "Òun lẹ máa bá nídìí iná láàárọ̀ ọ̀la."

"Méjì ni?" ni Kúùkù béèrè, ó sì wo Ọ̀gá Géètì láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹni tó da odidi ìgò bíà sí i fún mi? Mẹ́ta ni tiyín."